Ọjọ́ Òpó Tí Ẹ Mú Fún Ìgbéyàwó Yín

Ilé Ìkan-Ọkọ̀,
Ayétòrò, Etí Òkun.

Oríyọmí ọmọ mi, ọmọ tí mo gbé léjìká kọjá odò kí ó tó mọ̀ ọ́n rìn,

Lẹ́tà rẹ dé. Jókòó kí o tó ka èsì rẹ̀. Bí aláìsàn bá ń pè ọ́ lọ́wọ́, lọ dá a lóhùn ná, nítorí ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń kà lórí ìdúró. Láti ìjẹta tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, n kò tí ì fọwọ́ kan àáké. Ìwọ náà mọ̀ pé ọwọ́ mi kì í sinmi. Ọwọ́ tó ń fi àáké gbẹ́ imú ọkọ̀ láìwo ojú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni.

Èmi fúnra mi ni mo sì ń kọ ọ́ o. Tíṣà ní òun á bá mi kọ ọ́, mo ní kó fi pẹ́ńsù rẹ̀ sápò. Lóòótọ́, òjò kan péré ni mo fi lọ sílé ìwé. Síléètì mi bọ́ sódò, èmi náà bá a lọ, n kò padà síbẹ̀ mọ́. Àmọ́ láti Àwóyè títí dé Zion Pẹpẹ, ta ni kò mọ ọkọ̀ tí mo kàn? Àwọn tó ka ìwé tán ń wọ ọkọ̀ tí èmi aláìkàwé kàn, wọn kì í sì í rì. Jẹ́ kí wọ́n lọ fi ìwé kan ọkọ̀ kí a rí i.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà ọ́ sí ní Òkìtìpupa. Inú mi dùn sí ọkùnrin tí o rí. O ní Adéwọlé lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìkálẹ̀ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lóko ọ̀pẹ, kì í mu ọtí, kì í sì í pariwo. Ó dáa. Ariwo tí mo ń pa tó ilé méjì lò. Kí a tó dé orí ìmọ̀ràn tí o bèèrè, ọjọ́ tí ẹ mú ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

O kọ ọ́ pé: "Bàbá, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni a mú, Ọjọ́ Òpó, nítorí gbogbo ìlú ni yóò wà nílé, kò sí ẹni tí yóò lọ sójú òkun." Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Mo kà á, mo ní ọmọ mi ni lóòótọ́. N kò mọ̀ pé iná ni mo gbé lọ́wọ́.

Bí Adéwọlé bá wà nítòsí, pè é wá gbọ́, nítorí ọmọ orí ilẹ̀ kò lè mọ ohun tí à ń pè ní Ọjọ́ Òpó. Adéwọlé, ìlú wa kò jókòó lórí ilẹ̀ bíi tiyín. Ilé wa, ilé ìdáná wa, afárá pákó tí à ń gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀, orí òpó tí a gbìn sínú ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Omi iyọ̀ sì ń jẹ òpó. Nítorí náà, láti ìgbà tí a ti tẹ ìlú dó, bó bá ti di ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, kí òkun tó bẹ̀rẹ̀ sí í ru, fèrè ìlú yóò dún ní ìdájí, gbogbo wa yóò wọ omi. À ń fa òpó tó ti jẹrà yọ, à ń gbin tuntun. A kì í jẹun títí òpó ìkẹyìn yóò fi dúró. Olórí wà nínú omi, ọmọ ẹ̀yìn wà nínú omi, nítorí ọ̀kan náà ni gbogbo wa, ìkòkò kan la ti ń jẹun, aṣọ kan náà la ń wọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde, ẹja gbígbẹ ni wọn yóò máa pè é títí ọdún á fi yí po. Bó bá ń kọjá lórí afárá, àwọn ọmọdé á máa kọ ọ́ lórin: "Ẹja gbígbẹ, ta ló sá ọ sóòrùn?" Ọkùnrin mìíràn yóò fẹ́ kí yànyán, ẹja òkun tó ń jẹ ènìyàn, gbé òun mì ju kí ó gbọ́ orin yẹn lọ.

Lẹ́yìn Ọjọ́ Òpó, ọ̀sẹ̀ ìdúpẹ́ ló kàn. A kì í kéde ikú nínú ọ̀sẹ̀ ìdúpẹ́. Ẹni tó bá kú, àwọn tó mọ̀ yóò sin ín wẹ́rẹ́, wọn yóò pa ẹnu mọ́. Ìgbà tí ọ̀sẹ̀ bá parí ni olórí yóò sọ ọ́ nínú àdúrà òwúrọ̀ pé lágbájá ti kọjá. Ọjọ́ ìkéde yẹn ni ìlú ń kà sí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ayé tuntun la ní a fẹ́ tẹ̀ dó síbí, a kò fẹ́ kí ikú ní ọjọ́ tirẹ̀ láàrin wa. Ìwọ Oríyọmí, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, èmi náà kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀ títí di ìjẹta.

Ìjẹta, ọ̀sán ni, Sámù awakọ̀ lọ́ńṣì, ọkọ̀ omi ẹlẹ́ńjìnnì, ló mú lẹ́tà rẹ dé. Ó bá mi níwájú ilé ìdáná. Mo gba lẹ́tà, mo wò ó pé ènìyàn pọ̀ níbẹ̀, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Ta ni yóò rí irú èyí tí yóò kà á sínú?

Ìye Adùn, tí í ṣe olórí ilé ìdáná wa, yọ orí síta. O mọ ẹnu rẹ̀.

"Bàbá Oríyọmí, ariwo rẹ yìí! Ṣé ìwọ nìkan ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ni?"

Mo ní, "Lẹ́tà nọ́ọ̀sì nìyí. Èyí tí wọ́n ń kọ sí ẹ̀yin, lẹ́tà ta ni?"

Sámù rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí Bàbá kà á, Ìye. Bí wọn ò bá kà á, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ̀bà mi dà lọ́nà ọ̀fun."

Mo kà á dé ibi ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ìye Adùn nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó fi ìgbakọ ọwọ́ rẹ̀ lé etí ìkòkò jẹ́jẹ́, ó bọ́ sórí afárá, ó dúró tì mí. Ó rọra sọ ọ́ ni:

"Kì í ṣe ọjọ́ yẹn o, Bàbá Oríyọmí. Kọ̀wé sí ọmọ náà. Ọjọ́ tí Ìyá Aláṣọ kú nìyẹn."

Mo ní, "Rárá o. Lẹ́yìn ìdúpẹ́ ni Ìyá Aláṣọ kú. Gbogbo wa la wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kéde."

Ó ní, "Ìkéde lo gbọ́. Èmi ni mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ fún un ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Òpó, nítorí n kò rí i nídìí oúnjẹ. Mo bá a níwájú òfì rẹ̀ nílé ìhunṣọ, aṣọ tí ó fi wọ omi ṣì ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀. Ó ti lọ. Wọ́n ní kí n má sọ, n kò sọ. Èmi àti Ọlọ́run mi."

Oríyọmí, otútù mú mi nínú oòrùn ọ̀sán. Nítorí èmi náà ní tèmi lábẹ́ ahọ́n. Mo ní, "Ìye Adùn, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni Bàbá Atọ́nà kú."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ Òpó. Ọdún mìíràn ni, ṣáájú ìyẹn, Oríyọmí ṣì ń rá. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú omi nígbà tó di òpó mú tí kò sì lè tú ọwọ́ mọ́. Ọkọ̀ mi la fi ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. A kò tí ì kan Ugbò tó fi dákẹ́. Àwa tó wà nínú ọkọ̀ nìkan la mọ̀."

Ìye Adùn fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi àti òun ń wo ara wa bí ẹni méjì tó kọ lu ara wọn lẹ́nu ọ̀nà nínú òkùnkùn. Ìgbà náà ni Sámù gbé àwo ẹ̀bà rẹ̀ kalẹ̀. Ọmọ yẹn kì í gbé àwo ẹ̀bà kalẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, Ìye, ẹ má bínú sí mi. Bàbá Oníná náà ń kọ́?"

Mo ní, "Kí ló dé sí Bàbá Oníná? Ugbò ló kú sí, nílé àbúrò rẹ̀."

"Èmi ni mo gbé e lọ sí Ugbò. Ọjọ́ Òpó ni, bí a ṣe jáde nínú omi tán. Ó ní òun fẹ́ lọ yá iná díẹ̀ nílé àbúrò òun, pé bí òun bá yá iná níhìn-ín, wọn yóò pe òun ní ẹja gbígbẹ. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọ̀sán. Nígbà tí mo padà lọ gbé e ní ìrọ̀lẹ́, òkú rẹ̀ ni mo bá. Àwọn àgbà ní kí n sinmi ẹnu títí ìdúpẹ́ yóò fi parí."

Ọmọ mi, o mọ àwọn mẹ́ta yìí. Àwòrán wọn ni ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé máa ń dojú kọ bí ẹ bá ń kọrin òwúrọ̀. Bàbá Atọ́nà ló tu ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbé wa wá sórí ẹrẹ̀ yìí, nígbà tí àwọn ará ìta ń sọ pé akàn nìkan ló lè gbé ibẹ̀. Ìyá Aláṣọ ló fi igi ẹ̀gbà tó ń hù létí omi so òfì àkọ́kọ́, òun ló dá aṣọ sí gbogbo wa lára. Bàbá Oníná ló tan iná mànàmáná sí etí òkun yìí, tí àwọn apẹja tó wà lójú agbami fi ń mọ ọ̀nà ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n ka ìtàn ìlú wa, ohun tí àwọn mẹ́ta yẹn ṣe ni n ó kà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kú ní ọjọ́ kan náà nínú ọdún, ní ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. A bá ọjọ́ náà lò, a jó lórí rẹ̀, a dúpẹ́ lórí rẹ̀, a kò mọ̀. Ẹnì kan mú ọ̀kan sẹ́nu, ẹnìkejì mú ọ̀kan sẹ́nu, ẹnìkẹta mú ọ̀kan sẹ́nu. Àfi ìgbà tí ìwọ tí o wà ní Òkìtìpupa mú ọjọ́ ìgbéyàwó, tí ẹnu mẹ́ta ṣí pọ̀.

Ariwo sọ. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì lórí afárá. Àwọn kan ní ọjọ́ náà ń jẹ ènìyàn ńlá. Àwọn kan ní kí a gbé Ọjọ́ Òpó sí oṣù mìíràn. Arákùnrin kan láti ilé ìṣebàtà wá dúró láàrin wa, ó bèèrè pé, "Mẹ́ta ti lọ. Ta ló kù nínú àwọn ẹni ńlá tó tẹ ìlú dó?"

Gbogbo wọn yí ojú sí mi.

N kò ní parọ́ fún ọ: inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní nínú ara mi pé wọ́n kúkú mọ̀. Mo tilẹ̀ gbé àyà sókè díẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ohun tí wọ́n ń sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí lára, mo sì rọra sọ àyà náà kalẹ̀. Ìye Adùn ló gbé àpótí sí mi nídìí. Ó ní, "Jókòó, ẹni ńlá."

Mo gba ọ̀dọ̀ Tíṣà lọ. Mo ní, ìwọ tí o kàwé, ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí? Ó ní ó ti ṣẹlẹ̀. Ó ní nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ààrẹ mẹ́ta nínú àwọn tó kọ́kọ́ jẹ kú ní ọjọ́ kan náà nínú ọdún, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣàjọyọ̀ òmìnira wọn gan-an, tí méjì sì kú lọ́dún kan náà. Ó ní àwọn ènìyàn ibẹ̀ pariwo pé ọwọ́ Ọlọ́run ni.

Mo ní, "Ṣé inú omi ni wọ́n wà, àwọn náà?"

Ó ní, "Rárá, Bàbá. Orí ibùsùn wọn ni. Àgbà ni wọ́n."

Mo ní, "Kí ni o wá sọ pé ó pa wọ́n?"

Ó ní ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Kòńgẹ́! Mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Ẹni tó bá ń sun ẹkún, a kì í fi kòńgẹ́ nù ún lójú.

Mo wá jókòó láti kọ̀wé sí ọ pé kí o sún ọjọ́ náà síwájú. Mo ti kọ ọ́ dé ààbọ̀. Ìye Adùn gbé ẹja wá fún mi ní àárọ̀ àná, ó ń wò mí bí mo ṣe ń la òógùn lórí ìwé.

Ó ní, "Kí lo ń kọ?"

"Pé kí wọ́n yí ọjọ́ padà."

"Bí wọ́n bá yí i, ìwọ ń kọ́? Ṣé ìwọ kò ní wọ omi lọ́jọ́ náà?"

Mo ní, "Èmi? N kò jáde ṣáájú ẹnikẹ́ni rí. Gbogbo ìlú ló mọ̀."

Ó wò mí tààrà. "Àwọn náà kò jáde rí. Sọ fún mi, Bàbá Oríyọmí, kí ni Bàbá Atọ́nà jẹ láàárọ̀ ọjọ́ tó kú?"

"Kò jẹ nǹkan kan. Ta ní í jẹun ní Ọjọ́ Òpó?"

"Ìyá Aláṣọ ń kọ́? Ìyá tí n kò fún ní oúnjẹ láti ìdájí, tó jẹ́ pé eyín rẹ̀ ti tán? Ìgbà wo ló jáde nínú omi?"

Mo gbé kálàmù kalẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn:

"Ìgbà tí àwọn ọmọ ogún ọdún jáde ló jáde. Bàbá Oníná sì sá lọ Ugbò nítorí iná tí yóò yá. Ẹ̀ ń sọ pé ọjọ́ ló ń pa ènìyàn. Ọjọ́ lẹ́nu? Àwọn arúgbó la kó sínú omi tútù pẹ̀lú ebi, tí a sì dúró sórí afárá tí à ń kọrin ẹja gbígbẹ. Èmi náà kọ ọ́. Ohùn mi dùn ún kọ."

Ó gbé àwo rẹ̀, ó lọ. Èmi jókòó síbẹ̀. Ìyàlẹ́nu tó wà lára mi tẹ́lẹ̀, eré ọmọdé ni sí èyí tó bá mi lórí àpótí yẹn. Kì í ṣe pé ọjọ́ kan ló ń dọdẹ àwọn ènìyàn ńlá wa. Àwa la yan ọjọ́ náà, àwa la ń fi fèrè pè wọ́n sínú rẹ̀ lọ́dọọdún.

Mo wá rántí ara mi. Gbọ́, ìwọ nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ Òpó tó kọjá, bí a ṣe ń ri òpó ìkángun wọlẹ̀, apá òsì mi kú, àyà mi sì há bí ẹni pé wọ́n fi okùn ọkọ̀ dì í. Mo rẹ́rìn-ín sí àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní kí wọ́n ri òpó dáadáa. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. N kò sọ fún ọ nígbà tí o wá kí mi. Ìwọ gbé ohun èlò tí ẹ fi ń gbọ́ àyà wá, o ní kí n jẹ́ kí o fi gbọ́ tèmi, mo ní kí o lọ fi gbọ́ ti ewúrẹ́. Mo mọ̀ pé àyà rẹ ń já bí o ṣe ń ka ibí yìí. Jẹ́ kó já díẹ̀. Tèmi ti já láti àná.

Ó yá, ìmọ̀ràn tí o bèèrè.

Èkíní. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo kan ọkọ̀ kan, mo fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin rí i. Ọ̀gá mi ní kí n dúró kí igi gbẹ. Mo ní àgbà ń jowú mi. Mo tì í sódò, mo dúró lórí rẹ̀ bí ọba, kò dé àárín odò tó fi ya. Ìyá rẹ, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, wà nínú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín létí omi. Ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n, nítorí náà n kò kábàámọ̀ rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ìwọ, bí o bá dé ilé ọkọ, má kánjú fi gbogbo ọgbọ́n rẹ hàn. Ìyá ọkọ rẹ yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan lórí ilẹ̀. Kódà bí o bá mọ̀ ọ́n jù ú lọ, jẹ́ kí igi gbẹ.

Èkejì. O ti gbé nílùú tí a ti ń jẹun nínú ìkòkò kan láti kékeré. Ní Òkìtìpupa, oníkálukú ló ń dá iná tirẹ̀. Yóò kọ́kọ́ dà bí ìwà ahun lójú rẹ. Má pè wọ́n ní ahun. Bu ọbẹ̀ lọ fún ará ilé kejì lọ́jọ́ tí o bá sè é dáadáa, lọ́jọ́ tí kò dáa, ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jẹ ẹ́.

Èyí tó kàn, n kò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Mo fi odidi ìgbà òjò kan yan odì sí ìyá rẹ rí. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, n kò lè gbé pákó, ojú sì ń tì mí láti sọ, mo bá ń fi ìbínú bò ó. Ó rò pé obìnrin mìíràn ni. Ọjọ́ tí mo wá ké "yéè" lójijì lórí ẹní, ó gbá mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yìn lásán? Ẹ̀yìn lásán ni o fi ń wò mí bí òkú ẹja láti ọjọ́ yìí?" Ló bá ń fi omi gbígbóná jó o fún mi, ó ń bú mi, ó ń jó o. Bí ibì kan bá dùn ọ́, sọ. Bí ibì kan bá dun ọkọ rẹ, bèèrè títí yóò fi sọ. Bí àṣírí ìlú ṣe pa ẹni ńlá mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ náà ló lè pa ilé ẹni méjì.

Má sì jẹ́ kí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gùn ọ́ lórí débi tí o kò ní tẹ́tí sí aláìsàn tí kò kàwé. Àgbà tó bá sọ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe òun, gbọ́ àyà rẹ̀. Bó bá ní kí o lọ gbọ́ ti ewúrẹ́, bú u, kí o sì gbọ́ ọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Mo lọ bá àwọn olórí lánàá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a jẹun kí a tó wọ omi, kí ẹni tó bá ti hewú dúró lórí afárá, kí ó máa nawọ́ òpó sí àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bí àgbà bá jáde, ta ni ọmọdé yóò máa wò nínú omi?" Mo ní kí wọ́n máa wo ara wọn, ojú wọn ṣì dára. Wọ́n ní àwọn yóò gbé e síwájú Ọlọ́run nínú àdúrà. Mo ní ó dáa, mo sì dìde. N kò mọ èsì tí yóò dé. Ìye Adùn ní tòun, ẹ̀kọ òun yóò wà lórí iná ní ìdájí ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ kó wá da omi sí i.

Mo ti fa ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ ya. Ẹ má yí ọjọ́ padà. Ẹ wá ṣe ìgbéyàwó yín ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, bí òpó ìkẹyìn bá ti dúró. Bí a bá sá fún ọjọ́ náà, gbogbo ayé yóò máa sọ pé ọjọ́ ló jẹ̀bi, a ó sì máa kó àwọn arúgbó wa sínú omi ní ọjọ́ mìíràn. Èmi, bàbá rẹ, tí n kò jáde ṣáájú ẹnikẹ́ni rí, n kò ní wọ omi lọ́dún yìí. N ó wọ aṣọ gbígbẹ, n ó jókòó lórí afárá lójú gbogbo ìlú. Kí wọ́n kọrin. Mo ti kan ọkọ̀ tó pọ̀ tó láti gba orin. Bí àwọn arúgbó tó kù bá rí i pé èmi jókòó, bóyá ojú kò ní ti àwọn náà mọ́. Láti ìgbà tí a ti tẹ ìlú yìí dó, n kò tí ì ṣe ohun tó le tó èyí, mo sì mọ ohun tí mo ti ṣe.

Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló ní òpó tirẹ̀ láti gbìn, tèmi kò sì ní ẹni tí yóò gbìn ín. Nítorí náà, sọ fún Adéwọlé kó bá ọ wá ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí n fi ojú ibẹ̀ hàn án. Bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lónìí, odò kò wọ́n ní Òkìtìpupa. Kó jẹun kó tó wọ omi. Ìwọ dúró sí etí afárá kí o máa wò ó. Bí o bá rí i pé ètè rẹ̀ ń dúdú, tàbí pé ó ń rẹ́rìn-ín tí ẹ̀rín náà kò dé ojú, má wo ojú ẹnikẹ́ni. Pe orúkọ rẹ̀ sókè, kí o ní kó jáde, kí o sì na ọwọ́ sí i.

Ẹnì kan ì bá ti pe Ìyá Aláṣọ. Ẹnì kan ì bá ti pe Bàbá Atọ́nà, mo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń retí yín lórí afárá.